Fáànù Tí Ọwọ́ Yàn

Nínú ilé Tíṣà, ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ràn.

Ọkọ rẹ̀ lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, níbi tí ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀rọ ti ń pariwo pọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọn yóò fi ti ilé iṣẹ́ náà pa, ariwo ti kó etí rẹ̀ lọ. Kò gbọ́ ilẹ̀kùn, kò gbọ́ àrá. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ètè ènìyàn lè sọ tí kò ní rí. Gbogbo àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú ariwo yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gba omi mu lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kò ní pariwo. Yóò kàn la ẹnu rẹ̀ dáadáa ni, ìyẹn yóò sì ka ètè rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé.

Nítorí náà, Tíṣà kì í gbé ohùn sókè fún un. Kì í tilẹ̀ lo ohùn rárá. Yóò kọjú sí i, yóò mi ètè, ọ̀rọ̀ yóò sì dé ibi tó ń lọ. Àlejò tó bá ya ilé wọn yóò rò pé tọkọtaya ń gbàdúrà ni. Bí ìjà bá sì dé, ìwà ìkà kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ní: yóò di ojú rẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ìyàwó lè máa rojọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹni tó dijú ti borí.

Ọ̀gá Ọwọ́ ni wọ́n ń pè é nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ náà kò sì fi í sílẹ̀ títí di òní. Níbi tí etí ti kú, ọwọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ etí. Bí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ bàjẹ́, yóò gbé ìka mẹ́ta lé irin rẹ̀, yóò dijú, yóò sì sọ egungun tó ń dùn ún.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Ohùn rẹ̀ kò le, kò ga, ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó sí bẹ́ńṣì ìkẹyìn kì í sọ pé òun kò gbọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ohùn náà di ohun tí a gbé sí orí àjà. Ta ni yóò lò ó fún? Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ọkọ àti ilé iṣẹ́. Ọkọ kò nílò rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí oòrùn yóò yọ, tí yóò sì wọ̀, tí Tíṣà kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àfi ìgbà tó bá ń kí aládùúgbò lórí ògiri.

Ìdí nìyí tó fi dà bí ẹni pé wọ́n padà gbà á síṣẹ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ka ìwé sínú ẹ̀rọ. Ó wọ yàrá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ọmọ náà ṣì wà lórí tábìlì, àpótí dúdú ńlá kan tó ń mí bí àgùntàn. Ó ra máìkì. Ó ta kúbùsù mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó fa kọ́tìnnì bò ó. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, yóò jókòó, yóò gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé tábìlì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń bá bàbá rẹ̀ tu ọkọ̀ lójú odò. Orí mọ́kànlá ni ìwé náà.

Ọkọ rẹ̀ kò ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ ìnura nù ún gbẹ, ó gbé àga kékeré kan wọlé, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì lé pákó náà. Tíṣà wò ó.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?" Ètè ló fi béèrè.

"Mo ń gbọ́ ọ," ni ọkùnrin náà wí. "Má dá mi lóhùn. Máa kàwé."

Ohùn Tíṣà ń gba ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ wọ inú pákó, ó sì ń ti inú pákó wọ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ọkùnrin náà ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, kò pa ìjókòó kan jẹ.

Tíṣà fi orí kìíní ránṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà ń pè ní Elétí pè é lórí fóònù. Afọ́jú ni òun náà láti inú oyún, kò sì sí ìwé kankan tó ń dé etí àwọn ọmọ tí kì í kọ́kọ́ gba etí tirẹ̀ kọjá.

"Màmá, ohùn yín dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó sọ èyí tó kù. Ó dára gan-an ni."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Kí ló wá kù?"

"Nǹkan kan ń kùn lábẹ́ rẹ̀."

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Bí oyin tó há sínú ìgò. Ẹ̀yin tí ẹ ríran, ẹ kì í gbọ́ irú ẹ̀, torí ojú yín máa ń rí ohun míì wò. Ọmọ tí kò ríran kò ní ibòmíì tí yóò wò, Màmá. Ohunkóhun tó bá ti wọ etí rẹ̀, inú ìtàn ló wà. Wọ́n á ní kí n sọ irú kòkòrò tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Elétí kò tíì sọ tán. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò jókòó láti pín ìwé fún àwọn òǹkàwé. Bí orí kìíní bá dé ní mímọ́ kí aago méjìlá tó lù, ti Tíṣà ni ìwé náà, àti èyí tó bá tẹ̀ lé e. Bí kò bá dé, wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn.

"Èmi kọ́ ni mo ń pín in o, Màmá. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti fi sílẹ̀ fún yín."

Tíṣà ki íapíìsì bọ etí, ó tẹ́tí sí ohun tó kà. Oyin náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wo àpótí dúdú náà. Fáànù kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ ti gbó, eruku ti di irun sí i lára. Ó tú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó rí okùn tó gbé iná wá fún fáànù, ó sì fà á yọ. Ilé pa lọ́lọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún orí kìíní kà lójú ẹsẹ̀, ó sì kà á dáadáa. Ó ku ojú ewé méjì péré kí ó parí nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Gbogbo ohun tó kà bá a lọ. Ó fọwọ́ kan àpótí náà, ó sì yára fà á sẹ́yìn. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

Ó ní láti sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ka ètè rẹ̀ dópin, ó tún ní kí ó sọ apá kan sí i lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé kò dá a lójú pé òun kà á re.

"O yọ ọ́? Tíṣà! O di ẹni tó ń sáré nímú, o wá ní kí ó má mí?"

"Mo rò pé ariwo lásán ló wà fún."

"Ìwọ tí o ti fèrèsé pa. Ibo ni kí ooru gbà?"

Tíṣà kọ ẹ̀yìn sí i, kí ó má baà rí ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, òun nìkan ló lọ. Ọkọ rẹ̀ ti ń wá bàtà, ṣùgbọ́n ó ní kí ó jókòó. Lójú Tíṣà, ọ̀rọ̀ etí ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́, etí méjèèjì sì wà lórí òun. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wà lójú pópó, kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ, wáyà sì so rọ̀ láti òkè rẹ̀ bí ìtàkùn. Wáyà náà ni wọ́n ń pe ẹni tó ni ín, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gbé awò ojú sí iwájú orí, tí yóò sì máa wá a kiri.

"Fáànù tí kò pariwo ni mo fẹ́."

"Màmá, gbogbo wọn ni kì í pariwo. Ó kù sọ́wọ́ etí tó ń gbọ́ ọ." Ó to mẹ́ta sílẹ̀, ó fi iná sí wọn, ó ń gbé wọn sún mọ́ etí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní ń han, èkejì ń han díẹ̀. Èkẹta kéré, ó sì ń yí débi pé a kò rí apá rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Tíṣà kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n tún gbé e sún mọ́ etí kejì. Kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ náà.

Ó rà á. Ó gbé e délé, ó dè é mọ́ ìdí àpótí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi hàn án, ó ti fèrèsé, ó tan iná. Fáànù náà figbe ta. Igbe ẹ̀fọn ni, tín-ín-rín, tó gba orí lọ tààrà sí ẹ̀yìn ojú. Tíṣà jókòó sí etí ibùsùn ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ọkọ rẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Kò gbọ́ igbe náà, ṣùgbọ́n ó rí ìyàwó rẹ̀.

"Ibo lo ti gbọ́ ọ kí o tó rà á?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù."

"Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà?"

Tíṣà ronú. Lẹ́yìn náà ni ètè rẹ̀ mi, pẹ̀lú ìtìjú. "Wẹ́dà méjì. Wọ́n ń gé irin."

Ọkọ rẹ̀ kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jókòó tì í. "Ohun tó ṣe wá níbi iṣẹ́ nìyẹn. Nínú ariwo ńlá, ariwo kékeré á sá pa mọ́, o ó rò pé kò sí. Etí á purọ́ fún ọ, kò sì ní mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Èyí kì í purọ́."

Ó mú sukurudiráfà rẹ̀, ó tú àpótí náà palẹ̀. Ìdí àpótí nìkan ni Tíṣà ti ń wò látọjọ́ yìí. Ọ̀gá Ọwọ́ yí i síwájú, ó ṣí ojú rẹ̀, ó sì rí i pé àyè mìíràn wà níbẹ̀, ihò sukúrù mẹ́rin, tí ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí rí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Àyè náà fẹ̀ tó o.

"Èyí tó kéré gbọ́dọ̀ sáré kí ó tó lè fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀ tó. Ìdí tó fi ń figbe ta nìyẹn. Bó bá fẹ̀ báyìí, á máa rìn jẹ́jẹ́, iṣẹ́ á sì ṣe. Asúrétete kò ní kọjá ilé."

"Arìngbẹ̀rẹ̀ kò sì ní sùn sọ́nà," ni ìyàwó rẹ̀ fi parí rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, àwọn méjèèjì ló jáde. Wáyà rí Tíṣà lókèèrè, ó fa awò wá sójú.

"Màmá, ẹ ti padà! Èyí náà kò dákẹ́ tó ni?"

"Ó ń sunkún láti àná."

"Ẹ jẹ́ ká fi ìkejì rẹ̀ tì í, wọ́n á jọ máa bára wọn sọ̀rọ̀. Bàbá yìí ńkọ́?"

"Ọkọ mi ni. Òun ló máa yàn án. Ẹ kọjú sí i tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ o, kì í gbọ́ràn."

Wáyà wo ọkùnrin náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè gbá a mú. "Ẹ má bínú o, Màmá. Ẹni tí kò gbọ́ràn ló fẹ́ yan fáànù tí kò pariwo? Ọ̀la, ẹ ó mú afọ́jú wá yan ọ̀dà."

"Mo gbọ́ o," ni Ọ̀gá Ọwọ́ wí. "Ojú ni mo fi gbọ́. Nígbà míì tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí i."

Wáyà dọ̀bálẹ̀ sórí káńtà. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá! Ẹ̀gún ni ẹnu mi. Irú èwo ni kí n gbé wá?"

"Èyí tó fẹ̀ tó ọwọ́ mi. Gbogbo èyí tí o bá ní."

Márùn-ún ni wọ́n bá níbẹ̀. Wáyà fi iná sí èkíní. Ọ̀gá Ọwọ́ fi orí ìka mẹ́ta di etí fáànù náà mú, bí ẹni tó di etí ife tíì tó gbóná mú, ó sì dijú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn wẹ́dà ń gé irin, mọ́tò ń fun fèrè, ẹnìkan ń fi gbohùngbohùn polówó bàtà.

Wáyà fi ohùn ìsàlẹ̀ béèrè pé, "Ṣé oorun ń kùn ún ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ti dijú báyìí, kò sẹ́ni tó lè bá a jà. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí."

Ọkùnrin náà lajú. "Ọ̀pá àárín èyí wọ́." Ó mú èkejì. "Èyí ní agbára, ṣùgbọ́n ó ń wárìrì bí ẹlẹ́rìí èké." Èkẹta kò wárìrì rárá. Tíṣà ti ń na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa òwú funfun kan yọ, bí ìbú apá. Kò sí aṣọ rẹ̀ kan tí kò sí òwú nínú àpò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó so òwú náà rọ̀ níwájú fáànù. Òwú kò mira. "Ọ̀lẹ ni. Ìdí tó fi dákẹ́ nìyẹn. Ọ̀lẹ pọ̀ nínú àwọn tó dákẹ́."

Ẹ̀rín pa Wáyà. Ó yára gbé èkẹrin wá fúnra rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo èyí. Òun lẹ máa mú lọ. Ó ní iná mẹ́rin, ó ń pọ́n, ó ń yí padà di àwọ̀ aró, ó tún ń yí padà di ewé. Àwọn ọ̀dọ́ kì í bi mí léèrè ohun míì."

"Ṣé iná ló ń fẹ́ atẹ́gùn ni?"

"Rárá, sà."

"Gbé e fún àwọn ọ̀dọ́."

Èkarùn-ún kò ní páálí. Dúdú lásán ni, eruku wà lára rẹ̀, Wáyà sì fi aṣọ nù ún kí ó tó fi iná sí i. Ọ̀gá Ọwọ́ di etí rẹ̀ mú. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé ẹni tó ń polówó bàtà sinmi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó yí fáànù náà dùbúlẹ̀, ó tún gbé e dúró. Lẹ́yìn náà ló fa òwú sí iwájú rẹ̀. Òwú dìde, ó nà tọ́ọ́rọ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìgbọ̀n.

"Tíṣà, fọwọ́ kàn án."

Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọmọ tó sùn, tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń mí.

Wáyà náà na ọwọ́. Ó fi ìka kan èkarùn-ún, ó padà sí èkejì, ó tún wá sí èkarùn-ún. Ó dijú. Nígbà tó lajú, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ta nǹkan yìí, Bàbá. Mi ò fọwọ́ kàn án báyìí rí."

Nígbà tí wọ́n délé, Ọ̀gá Ọwọ́ yọ fáànù kékeré tó ń figbe ta, ó gé rọ́bà ìtẹ̀lẹ̀ sílípáàsì tó ti jẹ sí kékeré mẹ́rin, ó fi wọ́n sáàárín fáànù àti irin níbi ihò sukúrù kọ̀ọ̀kan, kí irin má baà gbọ̀n mọ́ irin. Ó gbé àpótí náà kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sílẹ̀ lórí èyí tó kù nínú rọ́bà náà. Ó so òwú rẹ̀ mọ́ ìdí àpótí níbi tí ooru ti ń jáde, òwú náà sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sí ìta. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó jókòó, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì. Tíṣà ka orí kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ̀ǹpútà kò kú. Àpótí náà kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Nígbà tó ti ìwé náà pa, ọkọ rẹ̀ kò tíì gbé ọwọ́ kúrò.

"Ìsinsìnyí ni mo tó gbọ́ ọ," ló wí. "Tẹ́lẹ̀, bíi pé ẹ̀yin méjì lẹ ń sọ̀rọ̀ pọ̀ ni."

Ó dìde lọ wẹ̀. Tíṣà ki íapíìsì bọ etí láti gbọ́ ohun tó kà. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi inú ife. Oyin ti lọ, ẹ̀fọn ti lọ. Ó ti fẹ́ yọ íapíìsì nígbà tó gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ó ń kùn. Kì í ṣe bíi ti àkọ́kọ́. Ó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń dánu dúró níbi tó bá ti ṣí ojú ewé. Ó fọwọ́ kan àpótí, kò gbọ̀n. Ó tún un gbọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó mọ̀ ọ́n.

Orin ni. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀, tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi ọ̀fun kùn bó bá ń fi òróró sí ẹ̀rọ, bó bá ń fá irùngbọ̀n, bó bá ti ń gbádùn ohunkóhun. Ó ti ń kùn ún kí wọ́n tó fẹ́ra, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Tíṣà kò gbọ́ ọ mọ́, bí ẹni tó ń gbé etí odò kì í ti í gbọ́ odò. Ẹni tó ń kùn ún kò sì lè gbọ́ ọ. Fáànù ló ti bò ó látọjọ́ yìí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Tíṣà yọ íapíìsì. Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòroó rí. Ọkọ rẹ̀ yóò jókòó síta, ìwé yóò sì di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ti ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ láyé, orí pákó yẹn ni. Òní yìí ló yan fáànù, òní yìí náà ló dè é. Ta ni yóò wá sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ti lé gbogbo ariwo jáde, ó ku òun?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti gbèrò pé òun yóò rán an níṣẹ́. Ó ti múra irọ́ kan sílẹ̀: bọ́tìnnì, àti òwú tó bá a mu, láti ṣọ́ọ̀bù tó jìnnà díẹ̀. Ó dé ilé ìdáná láti sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ wà nídìí omi, ó ń fọ ọwọ́. Ó fọ àárín ìka kọ̀ọ̀kan, ó mú aṣọ ìnura, ó nù ún títí ó fi gbẹ, ó sì yíjú pẹ̀lú ẹ̀rín. Irọ́ náà kú sí Tíṣà lẹ́nu.

"Ẹ ń kùn," ni ètè rẹ̀ sọ.

"Mo ń ṣe kí ni?"

"Ẹ ń kọrin. Nínú ọ̀fun. Bí mo bá ń kàwé."

"Èmi?" Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. "Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó fẹ́ yín."

"O kò sì sọ fún mi láti gbogbo ọdún yìí wá?"

"Mi ò gbọ́ ọ mọ́. Máìkì ló gbọ́ ọ."

Ó gbé aṣọ ìnura kọ́. Kò bínú. Ìyẹn ló dun Tíṣà jù. Bó bá bínú, ì bá dijú. Ó wọ yàrá náà, ó gbé àga kékeré, ó ń gbé e bọ̀ síta bí ẹni tó ń gbé ẹrù ẹlòmíràn. "Kò burú. Àárín yín ni iṣẹ́, ìwọ àti àwọn ọmọ yẹn. Màá jókòó sí pálọ̀. Bó o bá parí, wá pè mí."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó sọ àga náà kalẹ̀. Ó gbé ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi wọ́n kan ọ̀fun ara rẹ̀, ó dijú, ó sì kùn. Orin náà gan-an ni. Tíṣà gbọ́ ọ ní gbangba nísinsìnyí, bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ orúkọ tó ti gbàgbé.

Ọkọ rẹ̀ lajú. "Ó ń wárìrì," ló wí. "Bí ẹlẹ́rìí èké yẹn." Ó gbé àga padà wọlé, ó jókòó. Ó tẹ́ ọwọ́ òsì lé tábìlì. Ó fi ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún sí ọ̀fun, bí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. "Ó yá. Kà á."

Aago ti lé ní mẹ́wàá. Tíṣà bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà tú okùn ọkọ̀, bàbá rẹ̀ ti ọ̀pá bọ omi. Ní ojú ewé kẹrin, ó rí i tí ìka mẹ́ta yẹn ta pọ́ún. Ojú ọkọ rẹ̀ là gbàràgàdà bí ti ẹni tó ká olè mọ́ inú àpò ara rẹ̀. Ó gbé orin náà mì bí oògùn. Tíṣà kò lè pa á mọ́ra. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ tààrà sínú máìkì.

Ọkọ rẹ̀ wo èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n. "Tíṣà, ta ló bà á jẹ́ báyìí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ìka náà ta lẹ́ẹ̀mejì, orin kò sì jáde. Tíṣà kò gbójú sókè mọ́. Ó ka ìwé náà dé òpin, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú íapíìsì, ó sì fi ránṣẹ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá kí aago méjìlá lù.

Aago méjì kọjá kí fóònù tó dún. Ọkọ rẹ̀ rí iná rẹ̀ tó ń tàn, ó gbé e fún un.

"Màmá," ni Elétí wí. Tíṣà gbọ́ bí ìgbìmọ̀ ti ń fa àga lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ra ẹ̀rọ tuntun ni?"

"Fáànù lásán ni mo pààrọ̀."

"Ó mọ́. Tiyín ni ìwé náà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú yín."

Tíṣà tẹ fóònù mọ́ etí. "Ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Rárá o. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin ni mo gbọ́. Ẹ ń kàwé bí ẹni tó ń rí ẹni tó ń kà á fún. Ẹ má jẹ́ kó jáde."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo ètè rẹ̀.

"Kí ló wí?"

Tíṣà la ẹnu láti sọ ọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá. Ó pa ẹnu dé. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé ìka mẹ́ta rẹ̀ lé ọ̀fun òun alára, ó sì fi ohùn tí ọmọ tó jókòó sí bẹ́ńṣì ìkẹyìn yóò gbọ́ sọ pé:

"Ó ku orí mẹ́wàá."